Kí Ọwọ́ Má Baà Gbàgbé Lójú Agbo: Ìtọ́sọ́nà fún Olórin àti Onílù

Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí nídìí kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi lu orin tí àwọn akọrin fẹ́ kọ lọ́jọ́ náà, bí mo bá sì ń lù ú nílé, àbúrò mi a máa jó sí i. Ọjọ́ ìkórè pé. A ti kọrin dé ẹsẹ kejì nígbà tí ìka mi kan yà bàrá. Mo dúró. Mo fẹ́ mú un níbi tó ti já, ọwọ́ mi kò mọ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọwọ́ mi mọ̀ tí wọ́n ń gbà wọ orin yẹn, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Bí mo ṣe padà síbẹ̀ nìyẹn, tí gbogbo àwọn akọrin dákẹ́ lórí ìdúró. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi." Pẹ̀lẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ó pẹ́ tí mo fi di ẹ̀bi náà ru ojora. Ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíbọ́ọ̀dù àti gángan fún ọdún mélòó kan ni mo tó rí i pé ẹ̀rù kọ́ ló ya aṣọ náà. Ilé ni aṣọ ti ya. Ẹ̀rù kàn tẹ́ ẹ sójú ìjọ ni. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí yóò fi pẹ́ nínú yàrá kó tó jáde sójú agbo. Ẹni tó bá ń wá oògùn ẹ̀rù nìkan lè fo ìlàjì rẹ̀, àmọ́ mi ò rò pé yóò rí nǹkan gidi mú.

Ọ̀rọ̀ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀: "ìwọ" ni mo máa lò, torí bí mo ṣe ń bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ má bínú, mo dọ̀bálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Sọ ohun tí o fẹ́ tún ṣe kí o tó fọwọ́ kan ohun èlò

Ẹni tó bá ní "mo fẹ́ lọ ṣe rìhásà" kò tíì sọ nǹkan kan. Ó dà bí ẹni tó ń lọ sí Ọjà Jagun láì mọ ohun tó fẹ́ rà: yóò lọ, yóò bọ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa ro ó. Ra ìwé pélébé kan. Kí o tó jókòó, kọ gbólóhùn kan péré sínú rẹ̀, kí ó jẹ́ ohun tí etí lè gbọ́. "Lónìí, ọwọ́ òsì mi yóò kúrò lórí kọ́ọ̀dù kẹrin bọ́ sórí ìkarùn-ún láì dúró." (Kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.) Tàbí bí o bá jẹ́ onílù: "Lónìí, ohùn ìsàlẹ̀ gángan mi kò ní máa gòkè bí apá bá ti ń rẹ̀ mí." Bí o bá parí, o máa mọ̀ bóyá o ṣe é tàbí o kò ṣe é.

Ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ ìtàn 10,000 wákàtí. Ní 1993, Anders Ericsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta fáyólìnì ní ìlú Berlin ní Jámánì. Wọ́n ṣírò wákàtí tí oníkálukú wọn ti dá jókòó ti ohun èlò láti kékeré, ìpíndọ́gba ti àwọn tó dáńgájíá jù sì lé ní 10,000 kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún. Làwọn èèyàn bá gbé nọ́ńbà náà kiri bí ẹni pé ẹni tó bá ti kà á pé ti di ọ̀gá. Ericsson fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ ìtumọ̀ yẹn. Ìpíndọ́gba ni, kì í ṣe ẹnubodè, ohun tí èèyàn ń fi wákàtí náà ṣe ló sì jẹ ẹ́ lógún: kí èèyàn máa fojú sun àbùkù kan, kí ó máa tún un ṣe, kí ẹnìkan sì wà tí yóò máa sọ fún un bóyá ó ti dáa. Èmi náà mọ onílù tó ti ń lùlù láti ogún ọdún. Àṣìṣe kan náà ló ń lù láti ọjọ́ yìí wá, ó kàn ti mọ̀ ọ́n lù dáadáa ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè

Wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé kò tó ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ láti Ọjọ́ Ajé dé Sátidé, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni àròpọ̀ wọn. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus ti tẹ èyí jáde láti 1885. Ara rẹ̀ ló fi dánwò: ó ń kọ́ àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń ka bí wọ́n ṣe ń fò lọ. Èyí tó pín sórí ọjọ́ púpọ̀ ló dúró pẹ́ jù.

Oorun náà ń bá ọ ṣiṣẹ́. Nínú ìdánwò kan tí Matthew Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2002, àwọn èèyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka tẹ bọ́tìnnì ní títẹ̀lé-ara. Àwọn tó sùn lé e lórí jí, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ yára sí i ní nǹkan bí 20%, láìjẹ́ pé wọ́n tún fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, mú ibi tó le jù nínú orin, lù ú fún ìṣẹ́jú 10 kí o tó lọ sùn, kí o sì fi sílẹ̀. Má fi òru ọjọ́ tó ṣáájú òde ṣe àìsùn rìhásà. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ akọrin púpọ̀ ní ìlú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpàdé Sátidé wà fún kí ohùn lè pa pọ̀ ni. Ilé ni kálukú ti ń kọ́ apá tirẹ̀.

Bí mo ṣe ń pín tèmi rèé: ìṣẹ́jú 25, kí n dìde mu omi, ìṣẹ́jú 25 mìíràn, ó tán.

Ìgbésẹ̀ 3: Jẹ́ kí ẹnu lù ú kí ọwọ́ tó lù ú

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Àyàn ló kọ́ mi ní gángan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n mú kọ̀ǹgọ́ dání. Bí mo bá dé, yóò ní, "Wí i." Màá wí i. "Tún un wí, má sáré." Inú ń bí mi nígbà yẹn, mo rò pé bàbá kò fẹ́ kọ́ mi ni.

Ohun tí bàbá ń ṣe ni pé ìlù wa ń sọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ló sì ń tẹ̀lé. Mú orúkọ ìlú wa: Ò-gbó-mọ̀-ṣọ́. Ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Fi oríkì lé e: A-jí-lé-té. Àárín, òkè, òkè, òkè. Bí ẹnu rẹ bá ti gbé e dáadáa, apá rẹ yóò mọ ìgbà tó yẹ kó fún ọ̀ṣán (okùn awọ ẹ̀gbẹ́ ìlù) mọ́ra àti ìgbà tó yẹ kó dẹ̀ ẹ́. Bí ẹnu kò bá lè wí i, àbá lásán ni ọwọ́ ń dá. Gbìyànjú rẹ̀ báyìí: pe orúkọ ìlú tàbí oríkì ara rẹ, fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí itan, kí o sì máa gbé ohùn sókè sódò láì la ẹnu. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá lè mọ ohun tí ò ń wí, o ti ṣetán láti mú ìlù.

Ohun kan náà ló wà nídìí sólfà, ìyẹn dò, rè, mì tí a fi ń pe ohùn orin, fún àwa onídùùrù àti akọrin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Sarah Glover àti John Curwen ti ṣètò rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa sì gbà á mọ́ra títí dòní. Níhìn-ín tí ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1898, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní orin ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, o kò ní wá ẹni tó mọ sólfà kà tì. Kọ apá rẹ jáde ní d, r, m. Kọ ti báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, náà bí o tilẹ̀ jẹ́ sópránò, ohùn òkè. Onídùùrù tó bá lè fi ẹnu kọ ohun tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lù kò ní sọnù bọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí orin bá já, má padà sílé

Ibí yìí ni mo ti rí ìbàjẹ́ tó pọ̀ jù. Ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ orin, yóò já ní ìlà kẹta, yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, yóò tún já ní ìlà kẹta. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti lu ìlà kìíní ní ogójì ìgbà. Ìlà kẹta ńkọ́? Ogójì ìgbà ló ti lù ú ní ìlùkulù. Ọwọ́ kò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ohun tí o bá ti ń tún ṣe fún un lemọ́lemọ́, ìyẹn ni yóò mú sílé.

Ohun tó yẹ kí o ṣe nìyí. Já ibẹ̀ yọ bí ẹni yọ ẹ̀gún. Fi ìlù kan (ìró kan, bí ẹni pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan) ṣáájú rẹ̀ àti ìlù kan lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má baà dá dúró bí erékùṣù. Dín eré kù títí tí kò fi ní ṣeé ṣìṣe: bí orin náà bá ń sáré ní ìlù 96 láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ̀rẹ̀ ní 60. Métírónóòmù tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Wàyí o, kó ẹ̀pà mẹ́ta sí apá òsì rẹ. Bí o bá lù ú láì ṣìṣe, sún ẹ̀pà kan sí apá ọ̀tún. Bí o bá ṣìṣe, kí gbogbo ẹ̀pà padà sí òsì, àní kó jẹ́ ẹ̀kẹta lo ń lù lọ́wọ́. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti kọjá, fi 4 tàbí 6 kún eré, kí o tún bẹ̀rẹ̀. (Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ mi máa ń jẹ ẹ̀pà náà kó tó pé. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo ń lò fún wọn báyìí.)

Ọgbọ́n kejì: kọ́ orin láti ìdí. Kọ́kọ́ mọ ìlà tó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn náà èyí tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Bí o bá wá ń lù ú lójú agbo, ibi tí o mọ̀ jù ni wàá máa rìn lọ bá. Ẹni tó kọ́ ọ láti òkè nìkan, bí ó bá ti ń lọ ni ilẹ̀ ń ṣú u.

Ìgbésẹ̀ 5: Dà á pọ̀

Ní 1979, John Shea àti Robyn Morgan kó àwọn èèyàn jọ kí wọ́n kọ́ ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n lè gbà fi ọwọ́ bi àwọn igi kéékèèké ṣubú. Apá kan kọ́ ọ̀nà kìíní títí ó fi mọ́ wọn lára, kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì, kí wọ́n tó bọ́ sí ẹ̀kẹta. Apá kejì ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn kò mọ èwo ló kàn. Lásìkò tí wọ́n ń kọ́ ọ, apá kìíní yára jù. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, àti lẹ́yìn ọjọ́ 10, apá kejì ló ṣe dáadáa jù.

Mo fẹ́ kí o dúró níbí díẹ̀, torí ó ta ko ohun tí inú wa ń sọ fún wa. Ìdánrawò tó ń dùn mọ́ ọ lè máa tàn ọ́ jẹ. Bí o bá lu ohun kan ní ìgbà ogún léraléra, ìgbà ogún yóò dùn ju ìkíní lọ, wàá ní o ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lójú agbo, ta ni yóò fún ọ ní ìgbà mọ́kàndínlógún kí o fi múra? Ẹ̀ẹ̀kan ni, láti inú òfìfo. Nítorí náà, nígbà tí ìgbésẹ̀ 4 bá ti mú ibi mẹ́ta rọ̀ ọ́ lọ́rùn, má lù wọ́n ní A-A-A, B-B-B, D-D-D mọ́. Lu A, lu D, lu B, lu D, lu A. Yóò burú létí rẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Má yà kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Nígbà tí NEPA bá mú iná

Má jókòó máa ṣépè. Gbé ọwọ́ lé orí tábìlì, di ojú, lu orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ọkàn rẹ, kí o gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan, kí ìka sì máa mọ ibi tó yẹ kó wà. Ní 1995, Alvaro Pascual-Leone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan lu iṣẹ́ ìka márùn-ún lórí dùùrù fún wákàtí 2 lóòjọ́, fún ọjọ́ 5, kí àwọn mìíràn kàn máa rò ó lọ́kàn. Àyípadà tó dé bá apá ọpọlọ tó ń darí ìka jọra nínú àwọn méjèèjì. Àwọn tó lù ú ní tòótọ́ ṣì mọ̀ ọ́n lù jù, má fi èyí ṣe àwáwí láti má fọwọ́ kan ohun èlò. Àmọ́ ibi tí àwòrán bá ti dàrú mọ́ ọ lójú nínú òkùnkùn yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ rẹ yóò ti já lọ́jọ́ ìkórè. Kọ ọ́ sínú ìwé pélébé rẹ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ilẹ̀kùn mẹ́fà

Èyí ni ì bá gbà mí lọ́jọ́ sí. Wá ibi mẹ́fà nínú orin tí èèyàn lè gbà wọlé: ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ ègbè, ibi tí kọ́ọ̀dù ti yí padà. Fi nọ́ńbà sí wọn. Kọ 1 dé 6 sórí bébà wẹ́wẹ́, ká wọn, kó wọn sínú fìlà. Mú ọ̀kan. Nọ́ńbà tó bá jáde, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láì wo ìwé, láì kọ́kọ́ rántí láti òkè. Bí o bá lè wọlé láti ẹnu ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láàárọ̀ láì tíì ṣe nǹkan mìíràn, o ti mọ orin náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìka rẹ ló mọ̀ ọ́n, ìwọ kò mọ̀ ọ́n.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé oríṣi ìrántí mẹ́rin ló ń gbé orin: ti etí, ti ìka, ti ojú, àti ti òye, ìyẹn kí o mọ̀ pé "kọ́ọ̀dù kìíní la wà, ìkẹrin ló kàn". Ti ìka ló ń yá jù, òun náà ló ń kọ́kọ́ sá lọ bí àyà bá já. Ti òye kì í sá bọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Mu ẹ̀rù níwọ̀nba, kí ó tó di agbada ẹ̀rù

Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, kọ̀wé ní 1965 pé ojú àwọn tó ń wò wá ń mú kí ohun tí a ti mọ̀ dunjú dára sí i, ó sì ń ba èyí tí a kò tíì mọ̀ dunjú jẹ́. Ní 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aáyán dán an wò. Aáyán ni mo wí o, kì í ṣe Àyàn. Kí àwọn ará ilé ìyá mi má wá mi wá. Wọ́n tan iná sí aáyán kí ó lè sá. Bí ọ̀nà bá gún tààrà, tí àwọn aáyán mìíràn sì ń wò ó, ó ń sáré ju ìgbà tó dá wà lọ. Bí ọ̀nà bá ní kọ́nà tí yóò yà, àwọn òǹwòran náà ló ń dà á rú, ó sì ń pẹ́. Bí aáyán bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, kí ni kí àwa ṣe?

Iṣẹ́ rẹ ni láti sọ orin di ọ̀nà tó gún, kí o sì jẹ́ kí ojú èèyàn mọ́ ọ lára. Gbé fóònù dúró, tẹ rékọ́ọ̀dù, lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, láìsí àtúnṣe. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀, síbẹ̀ wàá rí i pé ọwọ́ rẹ ti yí padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, pe àwọn ọmọ ilé jókòó. Lẹ́yìn náà, ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ tí èèyàn kì í pọ̀ sí, tàbí ìsọmọlórúkọ ní àdúgbò. Ọjọ́ ńlá kò gbọdọ̀ jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú kan yóò wo orin náà.

Ohun méjì tí àwọn èèyàn kì í rántí. Àkọ́kọ́, àyà tó ń lù kìkì. Sáré láti ilé dé títì ńlá kí o sáré padà, jókòó, kí o sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú àyà tó ń lù yẹn. Ọwọ́ rẹ yóò kọ́ bí a ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara tó gbóná. Èkejì, aṣọ. Mo ti rí ọmọ gángan tí apá agbádá rẹ̀ há mọ́ ọ̀ṣán lójú ìyàwó àti ọkọ. Aṣọ tí wàá wọ̀ àti bàtà tí wàá fi tẹ pẹ́dálì, òun ni kí o fi ṣe rìhásà méjì tó gbẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ náà gan-an

Jẹun díẹ̀, ní nǹkan bí wákàtí méjì ṣáájú. Gbé igo omi dání, torí ẹnu máa gbẹ. Onílù, tètè débẹ̀ kí o lè ráyè tọ́jú ìlù: òjò a máa sọ awọ di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́, kí o yá a lóòrùn tàbí létí iná, nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ó máa le, ohùn rẹ̀ á sì fò sókè. Fi ọyẹ́ kan náà rántí ìka rẹ. Ìka tútù kì í gbọ́ràn. Fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ọwọ́.

Bí ìgbà bá ku díẹ̀, ara yóò bẹ̀rẹ̀ ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀. Ọkàn ń sáré, ọwọ́ ń gbọ̀n, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́. Adrenaline ni ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ohun kan náà tó ń tú jáde bí ajá bá lé ọ. Kì í ṣe àmì pé o kò mọ orin. Má bá a jà, má sì máa sọ fún ara rẹ pé "fara balẹ̀, fara balẹ̀". Alison Wood Brooks ti Harvard gbé ìwádìí kan jáde ní 2014. Àwọn tó fẹ́ kọrin níwájú èèyàn kọ́kọ́ sọ gbólóhùn kan síta. Àwọn tó sọ pé ara àwọn ti wà lọ́nà kọ ọ́ gún régé ju àwọn tó sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn lọ, ẹ̀rọ ló sì díwọ̀n rẹ̀. Èdè wa ti ní in tẹ́lẹ̀. "Àyà mi ń já" àti "ara mi ti yá", ìlù ọkàn kan náà ló wà nídìí méjèèjì. Sọ èkejì síta, kí etí rẹ gbọ́ ọ: "Ara mi ti yá." Ó lè dà bí eré ọmọdé. Ṣe é.

Lẹ́yìn náà, mí. Fa èémí sínú kí o kà dé mẹ́rin, tú u jáde kí o kà dé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Ìtújáde tó gùn yẹn ló ń dín eré ọkàn kù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó.

Kí n sọ èyí láì fi bò. Àwọn kan ń lo oògùn propranolol kí ọwọ́ má gbọ̀n. James Black, ará Scotland tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988, ló ṣe é ní àwọn ọdún 1960 fún àrùn ọkàn. Lóòótọ́, ó ń dá ọwọ́ dúró. Ó sì lè dí ọ̀nà èémí ẹni tó ní ásímà pa. Dókítà ni kí o bi, má bi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ta jìtá. Ti paraga ńkọ́? Ó máa ń mú kí o rò pé ò ń lù ú dáadáa. Gbọ́ rékọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wàá lóye.

Ìgbésẹ̀ 10: Lójú agbo

Múra ìṣẹ́jú àáyá 20 àkọ́kọ́ ju gbogbo ìyókù lọ, torí ibẹ̀ ni ara ti gbóná jù. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, kọ ìlà kan nínú ọkàn rẹ ní eré tó yẹ kó jẹ́; ẹni tí àyà rẹ̀ ń sáré máa ń fi eré àyà bẹ̀rẹ̀ orin.

Bí o bá ti wọlé, mú ojú inú rẹ kúrò lára ìka. Gabriele Wulf ti fi ọdún púpọ̀ ṣèwádìí èyí lára àwọn eléré ìdárayá: ẹni tó bá ń ronú sí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ máa ń ṣe é dán ju ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Onílù, ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó ni kí o máa lu ìlù sí. Akọrin, ọ̀rọ̀ inú orin ni kí o máa sọ fún ìyá tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Onídùùrù, tẹ́tí sí báàsì. Bí wọ́n bá ń náwó fún ọ, jẹ́ kí ẹnìkan bá ọ ṣa á. Owó tí ojú rẹ ń tẹ̀ lé lọ sílẹ̀ ti gba ìlù mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ.

Àṣìṣe yóò wá. Má fa ojú ro, má bẹ̀bẹ̀, má tún un lù. Àwọn tó ń gbọ́ kò mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ojú rẹ ló ń sọ fún wọn. Wọ ilẹ̀kùn tó kàn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìkórè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tún pè mí. Ìka mi yà ní ẹsẹ kejì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìka kan náà ni. Mo di báàsì mú fún ìlù méjì, mo wọlé láti ilẹ̀kùn kẹrin. Mo gbójú sókè wo ìyá tó sọ "pẹ̀lẹ́" fún mi. Ó ń jó, ó ń ju áńkáṣíìfù sókè, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 11: Nígbà tí òde bá tán

Dẹ awọ ìlù rẹ, fi aṣọ bò ó. Má gbọ́ rékọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá yìn ọ́, wàá gbọ́ oyin, bí ojú bá tì ọ́, ewúro ni wàá gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láì dá a dúró, kí o sì kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé pélébé: ibi tó dúró, ibi tó já, àti ohun tí wàá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nígbà tí o bá tún jókòó. Ìlà kẹta kò gbọdọ̀ ju gbólóhùn kan lọ. Kó òkúta mẹ́ta sí apá òsì.